Ebi, Oúnjẹ àti Ìwà Ẹja Láwùjọ: Àríwísí lórí Àlàyé “Àbínibí”

Nínú kíláàsì àti létí adágún ọ̀sìn, àlàyé kan náà la sábà máa ń gbọ́ bí ọmọ ẹja àrọ̀ bá gbé èkejì rẹ̀ mì: bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àlàyé yìí kù díẹ̀ káàtó. Kò béèrè ohun tó wà nínú ikùn ẹja náà.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1992, Krause àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ ẹja roach tí ebi ń pa ló máa ń wà níwájú ọ̀wọ́. Ní 2018, McLean, Killen àti àwọn akẹgbẹ́ wọn bọ́ ẹja minnow, wọ́n sì rí i pé àwọn tó jẹun jù fà sẹ́yìn lẹ́yìn oúnjẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ṣe wọ́n. Dídà oúnjẹ ń gba ọ́síjìn, èyí tó ṣẹ́kù fún ìlúwẹ̀ẹ́ á sì dín kù, bẹ́ẹ̀ iwájú ọ̀wọ́ ni agbára ti ń lọ jù. Ẹja kan náà ni: aṣáájú kí ó tó jẹun, èrò ẹ̀yìn nígbà tó yó. Èwo ni ká wá pè ní àbínibí níbẹ̀?

Àmọ́ a kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ oúnjẹ di oògùn gbogbo nǹkan. Ní 2001, Winberg, Øverli àti Lepage fi tryptophan kún oúnjẹ ẹja rainbow trout. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìjà wọn dín kù; ọjọ́ 3 kò ràn án. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹja tí wọ́n dá fi sọ́tọ̀, tí wọ́n wá ju àlejò kékeré kan sí lọ́dọ̀, ni wọ́n fi dán an wò. Adágún tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àrọ̀ ti ń fara kanra kì í ṣe irú ibẹ̀.

Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nínú adágún àrọ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀. Àìrójẹ ń dá ìgbéramì sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìdọ́gba ìtóbi ló ń gbé e ró: èyí tó kọ́kọ́ gbé ẹyọ kan mì yóò tètè tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ yóò sì gba òmíràn. Òun ni àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní shooter. Ẹni tó bọ́ wọn yó, tí kò ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí, kò tíì dé ìdí ọ̀ràn. Bákan náà ni ẹni tó ń ṣà wọ́n déédéé, tó sì ń fi oúnjẹ dù wọ́n. Èyí kejì yìí ló sì rọrùn jù láti bọ́ sí nígbà tí oúnjẹ ẹja bá gbówó lórí.