Ìwé Àkọsílẹ̀ Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Àwọn Olùkọ́ Ọ̀la

Lọ́dọọdún ni a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé, tí wọ́n wá wo Àjàṣẹ́ wa. Bọ́ọ̀sì a gbé wọn dé ní òwúrọ̀. Wọ́n a ya àwòrán níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá, wọ́n a wọ ààfin Honmè, wọ́n a ra nǹkan díẹ̀ ní ọjà Wàǹdó, wọ́n a sì gba Sẹ̀mẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọdún tó kọjá, mo tẹ̀ lé àwọn kan nínú wọn káàkiri ọjà náà. Yorùbá ni wọ́n fi ná ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé Yorùbá ni ìyá ọlọ́jà fi dá wọn lóhùn. Èdè Faransé tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò jáde lẹ́nu wọn ju ìkíni lọ. N kò dá wọn lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Nígbà kan rí, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ a máa lọ gbé ní ilẹ̀ Faransé, ní Sẹ̀nẹ̀gà tàbí ní Lomé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó ìrìn-àjò náà kọjá agbára. Ní 1991 ni ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí wọ́n lè máa gbọ́ èdè náà láìkọjá ẹnubodè. Ọgbọ́n ni, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n abúlé tí ó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni gbogbo ará ibẹ̀ kò ní ìyá àgbà, kò sì ní aláàárù tí yóò bínú sí ọ ní èdè Faransé. Ìdí nìyí tí ìrìn-àjò kúkúrú sí ọ̀dọ̀ wa fi ṣe pàtàkì, tí ó sì fi dùn mí pé a ń fi í ṣòfò.

A ti ní àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ amúnisìn ni ó ti wá. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, ilé-ẹ̀kọ́ William-Ponty, tí ó wà ní erékùṣù Gorée kí ó tó ṣí lọ sí Sébikotane ní 1938, ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso. Láti àwọn ọdún 1930, akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba iṣẹ́ ìsinmi: kí ó padà sílé, kí ó jókòó ti àwọn àgbà, kí ó bèèrè nípa ìgbéyàwó, oúnjẹ tàbí eré ọmọdé, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ìwé náà wà ní IFAN ní Dakar. Àwọn ọmọ Dàhòmì wà lára wọn. Àwọn ni wọ́n ṣe eré nípa ìpàdé Béhanzin àti Bayol ní 1933. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Saint-Louis ṣáájú wọn, fi irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí Doguicimi tó jáde ní 1938.

Àbùkù ibẹ̀ kò kéré. Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀gá òyìnbó ni ó ń kà á, bàbá tí ó sọ ìtàn kò sì rí ojú ìwé kan. Ọmọ a máa wo ilé bàbá rẹ̀ bí àlejò. Síbẹ̀, ó jókòó, ó bèèrè, ó kọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ sun Àjàṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ilé onílé. Kí a fún un ní ìwé kan àti ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó kọ́ ilé Àgùdà yìí, tàbí báwo ni ọmọ ṣe ń sọ èdè mẹ́ta kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́? Kí ó kọ ìdáhùn ní èdè tí ó fi gbọ́ ọ, kí Faransé wà ní ojú ìwé kejì, kí ó sì kà á sétí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un.

Ìyá ọlọ́jà yẹn gbọ́ Yorùbá, Ègùn àti Faransé. Nígbà tí àwọn ọmọ náà lọ tán, ó bi mí pé kí ni wọ́n wá ṣe. Mo ní olùkọ́ Faransé ni wọn yóò jẹ́. Ó wò mí, ó ní: «Wọn kò bi mí ní nǹkan kan, àfi iye owó.»