Òkúta Méjì Láti Òkè-Ògùn

Àwọ̀ ni ẹni tó fẹ́ ra òkúta iyebíye máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi tí mò ń gé e, ìmọ́lẹ̀ ni mo máa ń wá: ibo ló gbà wọlé, kí ló bá pàdé níbẹ̀, ibo ló sì máa gbà jáde? Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni tọ̀málíìnì tí wọ́n ń wà ní agbègbè Kòmu àti gánẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ń wá láti agbègbè Ìsẹ́yìn, èyí tí à ń pè ní spessartine, ti yàtọ̀ síra pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkè-Ògùn ni àwọn méjèèjì ti jáde, tí a sì ń rà wọ́n pọ̀ ní Òjóo, n'Ìbàdàn.

Èròjà máńgáníìsì ló ń kun tọ̀málíìnì pupa, òun náà ló ń kun spessartine. Nínú tọ̀málíìnì, díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní ti spessartine, òun gan-an ni ara òkúta náà. Bí mo bá gbé e lé fóòmù pẹlẹbẹ lórí omi, tí mo sún mágínẹ́ẹ̀tì alágbára mọ́ ọn, yóò máa tẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì náà kiri. Ó tún wúwo: ìlọ́po 4.15 ìwúwo omi, nígbà tí ti tọ̀málíìnì ò ju nǹkan bíi 3.06 lọ. Ní ti líle, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ. 7 sí 7.5 ni àwọn méjèèjì lórí òṣùwọ̀n Mohs.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú gánẹ́ẹ̀tì, ibi yòówù kó ti wọlé. Ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ gidigidi, ìwọ̀n ìtẹ̀ náà tó nǹkan bíi 1.81, ìyẹn ló fi ń tàn yanran. Tọ̀málíìnì ní tirẹ̀ ń la ìmọ́lẹ̀ sí méjì, ọ̀kan ní nǹkan bíi 1.62, èkejì ní 1.64. Bí ẹ bá fi awò kékeré wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé etí ojú tí mo gé sí ẹ̀yìn rẹ̀ ti di méjì-méjì. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yìí kì í sì í dọ́gba. Tọ̀málíìnì aláwọ̀ ewé lè mọ́ rekete bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí a bá wò ó láti orí dé ìdí. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ìhà tí òkè rẹ̀ máa kọ sí. Bí mo bá ṣì í yàn, dídán tó dán jù lọ ò ní gbà á là. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù lọ.

Abẹ́ tọ̀málíìnì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí igun tí abẹ́ náà fi dà gẹ̀rẹ́ bá kéré sí digírì 38, ìmọ́lẹ̀ á jò gba ẹ̀yìn, àárín òkúta á ṣófo, ẹ ó sì máa rí ìka yín láti inú rẹ̀. Spessartine rọrùn díẹ̀. Nǹkan bíi digírì 34 ni ààlà tirẹ̀.

Àwọn tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántánà ní Ìlọrin láyé àtijọ́ kò níṣòro yìí, nítorí òkúta pupa tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀ mo júbà wọn: ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ihò rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń dán an.

Ooru náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí tọ̀málíìnì bá gbóná, iná mànàmáná á dé sí i lára, á sì máa fa eruku. Àwọn ará Họ́láǹdì ti mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n máa ń fi í fa eérú kúrò nínú ìkòkò tábà nígbà náà. Ooru òjijì sì lè là á, nítorí omi tó há sínú rẹ̀.

Spessartine ni mo máa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, tọ̀málíìnì ni màá mú, nítorí ọwọ́ tó gé e máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ má gbà kí wọ́n fi ojú kan ṣoṣo hàn yín. Ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ẹ tó sanwó.