Irà Láyè, Èèyàn Lókè

Ẹni tó bá gba òpópónà Àgbádárìgì láti agbègbè Otto wọ àárín ìlú Èkó ti mọ bí Èkó ṣe ń bá irà jà: a da iyanrìn sí i, a kọ́lé lé e, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Lekki Conservation Centre fi wù mí. Níbẹ̀, irà ni wọ́n fi sílẹ̀, èèyàn ni wọ́n gbé sókè.

Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀, ló dá ọgbà náà sílẹ̀ ní 1990, kí ilé tó gba gbogbo ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kan. Hẹ́kítà 78 ni ọgbà náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà pákó tó wọnú igbó. Orí òpó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, awọ́nríwọ́n náà ń bá tirẹ̀ lọ. Bàtà yín ò ní kan ẹrẹ̀, síbẹ̀ òórùn ẹrẹ̀ yóò bá yín.

Afárá orí igi, tí wọ́n ṣí ní 2015, ló tún wá gba oríyìn jù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Okùn irin ló gbé e láti òpó dé òpó, àwọ̀n sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó tóóró débi pé ẹnì kan ní í tẹ̀ lé ẹnì kan. Bí ẹ bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ló ń mì. Mímì yẹn kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó ti wo bí adẹ́mu ṣe ń fara ti igbà rẹ̀ lórí ọ̀pẹ yóò lóye ọgbọ́n ibẹ̀: ìwúwo ara ló ń mú okùn le. Ẹni tó bá ń sáré yóò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹni tó bá rọra yóò rí ewé láti òkè, níbi tí ẹyẹ ti ń wò ó, bóyá ọ̀bọ pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro mọ̀ nínú fọ́tò nìkan. Afárá náà ń kọ́ èèyàn ní sùúrù, láìsọ̀rọ̀.

Irà ṣì wà lágbègbè Otto. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀, kí gbẹ́nàgbẹ́nà kọ́kọ́ dé, kí ọkọ̀ iyanrìn tó dé.