Iṣẹ́ Ọnà àti Iṣẹ́ Ẹ̀tàn

Òǹkàwé mi, bí alárìnjó bá wọ inú agọ̀, tí ó sì di erè tàbí ọ̀nì lójú agbo, a kì í pè é ní òpùrọ́. Idán ni a wá wò, idán ni ó sì pa. Ayàwòrán pẹ̀lú ń pidán: lórí aṣọ pẹlẹbẹ ni ó ti ń fi ọ̀nà jíjìn hàn wá. Níbo, nígbà náà, ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀?

Gbé ọ̀ràn Han van Meegeren yẹ̀ wò, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands tí a bí ní 1889. Nígbà tí àwọn amòye kò ka iṣẹ́ tirẹ̀ sí, ó ya àwòrán Jésù níbi oúnjẹ ní Emmausi sórí aṣọ àtijọ́, ó yan án nínú ààrò kí ọ̀dà rẹ̀ lè gan, ó sì kọ orúkọ Johannes Vermeer sí i, àgbà ayàwòrán tí ó kú ní 1675. Ní 1937, Abraham Bredius, ògbólógbòó amòye, yìn ín bí olórí iṣẹ́ Vermeer. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Rotterdam sì gbà á. Ní 1945 ni a mú van Meegeren, pé ó ta àwòrán Vermeer mìíràn fún Hermann Göring, ìjòyè Hitler. Kí a má baà pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ni ó yà wọ́n, ó sì ya òmíràn lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni a dá fún un ní 1947, ṣùgbọ́n ó kú kí ó tó lọ.

Kíyè sí i: ọ̀dà ara àwòrán náà kò yí padà, orúkọ nìkan ni ó yí, ìyìn sì di ẹ̀gàn. Àwọn kan wí pé ẹ̀bi di ti àwọn tí ń yin orúkọ dípò iṣẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ìpéǹpéjú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wúwo, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tútù ti Vermeer lára wọn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó ìbá ti fura. Ṣùgbọ́n àìfura onílé kò sọ olè di aláìjẹ̀bi.

Wíwo iṣẹ́ àgbà ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọṣẹ́ ṣe ń mọ iṣẹ́. Ọwọ́ van Meegeren kò purọ́. Orúkọ tí ó kọ sí i ni irọ́. Nítorí náà, ìwọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, fara wé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ewé, orúkọ tìrẹ ni kí o kọ.