Fèrèsé Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Wò

Akẹgbẹ́ mi kan tún ti kọ ọ́ pé Galileo ló fún tẹlisíkóòpù lórúkọ, pé torí ìràwọ̀ ló sì ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń sú mi. Nínú Sidereus Nuncius, tí Galileo tẹ̀ jáde ní 1610, perspicillum ló pè é. Bó bá di èdè Ítálì, a di occhiale, tí kò jìnnà sí orúkọ awò ojú lásán. Giovanni Demisiani, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì tó wà lọ́dọ̀ Kádínà Gonzaga, ló mú "jíjìn" àti "wíwò" nínú èdè rẹ̀, tó so wọ́n pọ̀. Níbi àsè tí Federico Cesi ṣe fún Galileo ní Róòmù, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin 1611, ni orúkọ náà ti jáde. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń jẹ́ Accademia dei Lincei ni ilé Cesi, ẹranko tí wọ́n gbà pé ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo ẹranko lọ ni wọ́n sì fi ń jẹ́.

Àmọ́ ká tilẹ̀ fi ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ sílẹ̀. Kí ni àwọn àlejò yẹn ń wò? Lagalla, tó wà níbẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1612. Láti orí òkè Gianicolo, wọ́n kọjú awò sí ààfin Altemps lórí àwọn òkè Tusculum, máìlì Ítálì 16 síbẹ̀, wọ́n sì ń ka fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó kéré jù. Wọ́n yí i sí Lateran, wọ́n rí àmì tóótòòtó tí wọ́n gbẹ́ sáàárín lẹ́tà àkọlé ara ògiri. Ẹ ro ìyẹn wò: ará Róòmù tó ti ń kọjá lábẹ́ àkọlé yẹn láti kékeré, tó wá jókòó sórí òkè tó ń kà á! Òru ni Júpítà àtàwọn òṣùpá rẹ̀ tó kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 1608, nígbà tí Hans Lipperhey, oníṣẹ́ awò ojú láti Middelburg, gbé tirẹ̀ lọ sí Hague. Láti orí ilé ìṣọ́ tó wà níbẹ̀, agogo Delft ni wọ́n wò, àti fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì Leiden. Fèrèsé náà ni! Ogun ni wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n fẹ́ tètè rí ọ̀tá lókèèrè.

Orúkọ Demisiani kò dárúkọ ọ̀run rárá. Ní 1625, Giovanni Faber, ọmọ ẹgbẹ́ Lincei kan náà, fẹ́ sọ awò tó ń mú ohun kékeré tóbi lórúkọ. Ó mú "jíjìn" kúrò, ó fi "kékeré" sí i, ó sì fi "wíwò" sílẹ̀ bó ṣe wà. Eṣinṣin àti oyin ni wọ́n ń fi èyí wò.