Fíréjọ̀n, Oúnjẹ Ọdún Àwọn Àgùdà Èkó

Fíréjọ̀n, ìyẹn ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ni oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere láàrin àwọn Àgùdà, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíl padà sí Erékùṣù Èkó ní ọ̀rúndún 19. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni, nítorí ẹ̀wà gbọ́dọ̀ rọ̀ pátápátá kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì tó máa rò ó pẹ̀lú omi àgbọn lórí iná tí kò le. Bí alásè bá gbójú kúrò díẹ̀, ó ti jó nídìí ìkòkò nìyẹn. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, torí ìjọ wọn kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Àlejò lè kọ́kọ́ fojú di àpapọ̀ ṣúgà àti ata yìí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ilé tó sè é kì í dá a jẹ. Abọ́ a máa lọ sílé aládùúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí.