Ipò Adarí-Ìtàn nínú Neverwinter Nights

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti Kánádà gbé eré orí kọ̀ǹpútà náà, Neverwinter Nights, jáde ní 2002, wọ́n fi irinṣẹ́ kan kún un fún adarí-ìtàn. Ojú àwọn òṣèré kì í tó adarí yìí. Ó lè wọ inú ẹ̀dá-ìtàn tí ó bá wù ú kí ó sì fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí kò gba owó oṣù ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ó rọrùn láti fi adarí wé apàlọ́, ṣùgbọ́n àfiwé náà kò jìnnà. Àwọn ọmọdé tí ń gbe orin àlọ́ kò lè gba Ìjàpá lọ́wọ́ apàlọ́. Níhìn-ín, òṣèré lè pa ọba tí ìparí ìtàn rọ̀ mọ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Adarí tí ó bá sọ ọba náà di aláìlèkú, nítorí ètò tí ó ti ṣe sílẹ̀, ti sọ òṣèré di òǹwòran lásán. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a jẹ́ kí ọba kú, a sì wá ẹnu mìíràn tí yóò jẹ́ iṣẹ́ tí ọba ìbá jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni àtinúdá wà. Ó ṣeni láàánú pé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn eré kì í fi ètò tí adarí jù nù hàn.